Fáìlì Excel yín ti yí padà, àmọ́ ṣé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló dé ibi tó ń lọ?

Ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan bá àwọn akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́ sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan nílùú Àbújá. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀ka ní Àbújá, Kano, Jos, Cotonou àti Abidjan.

Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé nígbà tí ìwé bá tọ́. Ọjọ́ tí ìwé bá dàrú ni gbogbo ẹgbẹ́ máa ń rántí orúkọ rẹ̀.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí wàhálà tó máa ń wáyé tí a bá fẹ́ yí fáìlì Excel padà sí oríṣi fáìlì mìíràn, bóyá CSV tí báǹkì ń béèrè ni, tàbí PDF tí a fẹ́ fi ṣọwọ́ lórí WhatsApp. Màá kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́gbọ́n.

'Ṣé mo ṣẹ ẹgbẹ́ ni?'

Lọ́dọọdún, tí Kérésìmesì bá ti ń súnmọ́, ẹgbẹ́ wa máa ń fún àwọn àgbà tó ti kúrò lẹ́nu òwò ní owó ìtọ́jú díẹ̀. Èèyàn 63 ló wà lórí ìwé lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Báǹkì ní kí n kó orúkọ, nọ́ńbà àkáǹtì àti iye owó wọn sínú fáìlì CSV kan ṣoṣo, kí n gbé e sórí ojú òpó àwọn, kí owó lè lọ sọ́dọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo nọ́ńbà ló pé nínú Excel mi. Mo tẹ Save As, mo yan CSV. Nítorí pé mo fẹ́ kó dá mi lójú, mo ṣí CSV ọ̀hún láti yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn orúkọ kan kò hàn tán, ni mo bá fa òpó wọn kó fẹ̀ sí i. Bí mo ṣe fẹ́ pa á dé, Excel bi mí bóyá kí òun tọ́jú àyípadà tí mo ṣe. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbé fáìlì náà fún báǹkì, ojú òpó wọn ní àwọn ti gbà á, mo pa kọ̀ǹpútà, mo lọ sùn.

Nínú oṣù Kíní, màmá kan pè mí lórí fóònù. Ó lé ní 30 ọdún tí màmá yìí fi tajà ní Abidjan kó tó padà wálé.

"Akọ̀wé, ọmọ mi, ṣé mo ṣẹ ẹgbẹ́ ni?"

Mo ní, "Rárá o, Màmá. Kí ló dé, mà?"

"Gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló ń sọ pé owó ti dé. Èmi ò rí nǹkan kan. Mo ní bóyá ẹ ti yọ orúkọ mi kúrò, torí mi ò lè wá sípàdé mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo lọ yẹ ìwé wò, mo rí i pé owó èèyàn 17 ni báǹkì dá padà. Nọ́ńbà àkáǹtì àwọn 17 wọ̀nyí ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo. Ẹ sì mọ̀ pé nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ jẹ́ 10. Tiwọn ti di 9, ti àwọn mìíràn tiẹ̀ di 8.

Báǹkì kọ́ ló mú òdo náà kúrò. Èmi ni. Ìgbà tí mo ní mò ń yẹ fáìlì wò gan-an ni mo bà á jẹ́. Nínú Excel tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, òdo wà níbẹ̀. Nínú CSV tó jáde, òdo ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo fi Excel ṣí CSV yẹn, Excel gé òdo náà dànù lójú ara rẹ̀, èmi náà wá ní kó tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí nìyí: bí fáìlì bá kọ̀ láti yí padà, ìyẹn kò burú jù, torí ẹ ti mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Èyí tó léwu ni fáìlì tó yí padà wẹ́rẹ́, tí kò sì sọ ohun tó jábọ́ lójú ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí fáìlì bá yí padà?

Fáìlì Excel tí orúkọ rẹ̀ parí sí .xlsx dà bí ilé tó ní yàrá púpọ̀. Ṣíìtì kọ̀ọ̀kan jẹ́ yàrá kan. Àwọ̀ wà lára ògiri, ìṣirò ń lọ lábẹ́lẹ̀, òpó kan lè fara pamọ́ sẹ́yìn òmíràn.

CSV ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán. Ìlà kan fún ẹnì kan, kọ́mà láàrin nǹkan kan sí òmíràn, ó parí. Ó dà bí ẹni tí a ń ka ìwé sí létí tó ń kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tó bá gbọ́ nìkan ni yóò kọ. Kò lè gbọ́ àwọ̀, kò sì lè gbọ́ ohun tó wà ní yàrá kejì.

PDF dà bí fọ́tò. Gbogbo èèyàn ló máa rí ohun kan náà, àmọ́ ẹ kò lè ṣe ìṣirò nínú rẹ̀.

Tí ẹ bá ti mọ èyí, ìdajì wàhálà ti tán. Bí ẹ bá ní ṣíìtì mẹ́ta nínú Excel, èyí tí ẹ wà lórí rẹ̀ nìkan ló máa wọ inú CSV. Àwọn méjì yòókù kò ní tẹ̀lé e. Ẹ gbọ́dọ̀ tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa ló ń fi àwọ̀ ṣe àmì: ẹni tó ti san owó oṣù, àwọ̀ ewé, ẹni tó jẹ gbèsè, àwọ̀ pupa. Nínú CSV, onígbèsè àti ẹni tó san yóò di ọ̀kan náà. Ẹ ṣí òpó kan sílẹ̀ fún un, kí ẹ kọ "ó ti san" tàbí "kò tíì san" síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ máa ń dé ibi tí àwọ̀ kò lè dé.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn pé ohun tó hàn lójú ni Excel máa ń kọ sínú CSV. Bí ẹ bá ti ní kó fi 12.4 hàn dípò 12.375, 12.4 ni yóò lọ.

Òdo tó ń sá lọ

Kí ló dé tí Excel fi ń gé òdo? Ìdí ni pé gbogbo ohun tó bá ti jẹ́ nọ́ńbà, Excel gbà pé iye ni. Nínú ìṣirò, 0803 àti 803 kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù kì í ṣe iye. Nọ́ńbà àkáǹtì kì í ṣe iye. Orúkọ ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó máa ń ro nọ́ńbà fóònù èèyàn méjì pọ̀.

Àwa ará Nàìjíríà ti mọ wàhálà yìí tipẹ́, torí nọ́ńbà 11 ni fóònù wa, òdo ló sì máa ń ṣáájú. Ní báyìí, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kíní ọdún 2021, Côte d'Ivoire kúrò lórí nọ́ńbà 8 bọ́ sórí 10, nọ́ńbà ẹ̀rọ alágbèéká wọn sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 01, 05 tàbí 07. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, orílẹ̀-èdè Benin náà fi 01 síwájú nọ́ńbà wọn. Èyí túmọ̀ sí pé ìwé tó ń ti Cotonou wá láìní wàhálà tẹ́lẹ̀ lè máa pàdánù òdo báyìí.

Àwọn kan ní àwọn yóò fi +234 síwájú kí òdo má baà sí níbẹ̀ rárá. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò. Excel yóò yọ àmì àròpọ̀ náà, yóò sì fi nǹkan bíi 2.34803E+12 hàn yín. Bí ẹ bá yí i padà sí CSV bẹ́ẹ̀, 2.34803E+12 ni yóò wọ inú fáìlì. Kò sí fóònù tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó burú jù ni nọ́ńbà gígùn. Nọ́ńbà 15 péré ni Excel lè rántí dáadáa. Nọ́ńbà 30 tó máa ń wà lórí rìsíìtì owó tí a fi ránṣẹ́ láti báǹkì kan sí òmíràn ní Nàìjíríà, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sínú Excel láìṣe ètò kankan, 15 àkọ́kọ́ ló máa kù. Òdo ni yóò rọ́pò ìyókù. Ẹ kò sì lè rí i gbà padà, àfi kí ẹ lọ wo rìsíìtì náà.

Báwo la ṣe lè dènà rẹ̀? Kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà kankan, ẹ mú gbogbo òpó náà, ẹ lọ sí Format Cells, ẹ yan Text. Láti ìgbà yẹn lọ, Excel kò ní fọwọ́ kan ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀.

Tí òdo bá ti lọ ńkọ́? Tó bá jẹ́ òdo iwájú nìkan ló sọnù, ẹ lè dá a padà. Ká ní nọ́ńbà àkáǹtì wà nínú A2, ẹ lọ sí òpó tó ṣófo, kí ẹ kọ =TEXT(A2,"0000000000"). Òdo 10 ló wà níbẹ̀ torí àkáǹtì jẹ́ nọ́ńbà 10. Fún nọ́ńbà fóònù Nàìjíríà, ẹ jẹ́ kó di òdo 11.

Tí ẹ bá sì fẹ́ yẹ CSV wò, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì bí mo ṣe ṣe. Ẹ fi Notepad ṣí i. Notepad kò ní ọgbọ́n àgbọ́njù. Ohun tó wà nínú fáìlì ló máa fi hàn yín. Tó bá di dandan kí ẹ fi Excel ṣí i, ẹ kọ́kọ́ ṣí Excel tó ṣófo, ẹ lọ sí Data, ẹ tẹ From Text/CSV, ẹ tẹ Transform Data, kí ẹ sọ òpó nọ́ńbà náà di Text kí ẹ tó kó o wọlé.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ń mú yín lórí gbóná, ẹ̀yin nìkan kọ́. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣe ìwádìí lórí àbùdá ara èèyàn ní àwọn àbùdá kan tí orúkọ wọn ń jẹ́ SEPT1 àti MARCH1. Excel máa ń sọ wọ́n di ọjọ́ inú oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹta. Lọ́dún 2020, ó hàn síta pé ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn àbùdá náà lórúkọ ti yí wọn padà sí SEPTIN1 àti MARCHF1. Àwọn onímọ̀ yí orúkọ padà, torí Excel kò yí ìwà padà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni Microsoft tó fi bọ́tìnnì tí a lè fi dá a dúró sínú Excel tuntun. Tí ẹ bá ń lo Microsoft 365, ẹ wò ó ní File, Options, Data.

Orúkọ tó di àmì ìbéèrè

Ẹ jẹ́ ká mú orúkọ kan, Ṣadé. Tí ẹ bá lọ sí Save As, ẹ máa rí oríṣi CSV méjì tó jọra. Ọ̀kan ń jẹ́ CSV (Comma delimited), èkejì ń jẹ́ CSV UTF-8 (Comma delimited). Tí ẹ bá yan èyí tí kò ní UTF-8 lórí kọ̀ǹpútà Windows, Ṣadé yóò di ?adé.

Ẹ wò ó pé ohùn tó wà lórí "e" kò kúrò. Ìdí ni pé àkójọ lẹ́tà àtijọ́ tí irú CSV yẹn ń lò mọ lẹ́tà àwọn ará ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù, àwọn Faransé sì ń lo é. Kò mọ ẹ, ọ àti ṣ wa. Kò mọ ụ àti ị àwọn ará Igbo, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ɗ àti ƙ àwọn Hausa. Ẹ̀ka wa ní Kano ni mo ti kọ́kọ́ rí i, nígbà tí orúkọ àwọn onílé tí a yá gbọ̀ngàn lọ́wọ́ wọn kún fún àmì ìbéèrè.

UTF-8 ni kí ẹ máa yàn nígbà gbogbo. Ó mọ lẹ́tà gbogbo èdè tí mo dárúkọ yìí.

Ṣùgbọ́n wàhálà kejì wà tó jọ ìkíní. Ẹnì kan fi CSV ṣọwọ́ sí yín, bóyá láti Google Sheets, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, Excel ṣí i, Ṣadé wá di á¹¢adÃ©. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í tún orúkọ kọ́ọ̀kan kọ. Fáìlì náà kò bàjẹ́. Excel ló ń kà á bí ẹni tó wọ awò ojú onílé. Ẹ pa á dé láìtọ́jú nǹkan kan, ẹ gba ọ̀nà Data àti From Text/CSV, kí ẹ sì yan 65001: Unicode (UTF-8) níbi tó ti kọ File Origin. Orúkọ yóò padà bọ̀ sípò.

Nítorí náà, ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn. Bí ẹ bá rí àmì ìbéèrè nínú fáìlì, lẹ́tà ti sọnù, ẹ padà sí Excel tí ẹ ti mú un wá. Bí ẹ bá rí wúruwùru, lẹ́tà ṣì wà láàyè, ẹ ṣí fáìlì náà bó ṣe yẹ.

Ìwé Abidjan kò jọ ìwé Àbújá

Ìgbà àkọ́kọ́ tí akápò wa ní Abidjan fi CSV ránṣẹ́ sí mi, gbogbo nǹkan wọ́ jọ sínú òpó kan ṣoṣo. Orúkọ, fóònù, owó, gbogbo rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, àmì (;) sì wà láàrin wọn. Mo pè é, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, fáìlì yín ti bàjẹ́ o." Ó ní, "Àbúrò, ó dáa lọ́dọ̀ mi." Òótọ́ la jọ ń sọ.

Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣètò sí èdè Faransé máa ń fi kọ́mà pín ìdá nọ́ńbà. Ohun tí àwa ń kọ ní 12.5, wọ́n ń kọ ọ́ ní 12,5. Kọ́mà ti níṣẹ́ tirẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, torí náà kọ̀ǹpútà wọn ń fi sẹmikólọ̀n (;) pààlà láàrin òpó. Bó ṣe rí nìyẹn ní Abidjan, ní Cotonou àti ní Lomé. Kọ̀ǹpútà tí a ṣètò sí Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ń retí kọ́mà.

Ẹ má fi ọwọ́ pín in. Ẹ mú òpó A, ẹ lọ sí Data, ẹ tẹ Text to Columns, ẹ yan Delimited, lẹ́yìn náà kí ẹ fi àmì sí Semicolon. Kí ẹ tó tẹ Finish, ẹ sọ òpó fóònù di Text, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òdo yóò tún sá lọ.

Owó ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Bí ẹnì kan ní Cotonou bá kọ 2.500, tó ní ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ CFA lọ́kàn, kọ̀ǹpútà Àbújá yóò kà á sí méjì ààbọ̀ péré. Àdéhùn tí a ṣe nínú ẹgbẹ́ wa ni pé kí ẹnikẹ́ni má fi àmì kankan sáàrin iye owó. Ẹ kọ 2500, kò ní ìtumọ̀ méjì.

Ọjọ́ náà ń kó wa ní ìdààmú. 03/04/2025 jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin fún wa. Fún kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣètò sí ti Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ wa kò sì yí i padà látìgbà tí a ti rà á, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta ni. Ẹ jẹ́ ká máa kọ ọdún ṣáájú, kí oṣù tẹ̀lé e, kí ọjọ́ gbẹ̀yìn: 2025-04-03. Ẹ lọ sí Format Cells, Custom, kí ẹ kọ yyyy-mm-dd síbẹ̀.

Ìlà tó pọ̀ jù, àti ìlà tó fara pamọ́

Fáìlì Excel àtijọ́ tó parí sí .xls kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ. Èyí tó parí sí .xlsx, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Excel 2007, lè gba 1,048,576. Tí ẹ bá kó ohun tó wà nínú ńlá sínú kékeré, èyí tó kù yóò dànù.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ju wá lọ. Láàrin ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án sí ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, èèyàn 15,841 tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní Covid-19 ní England kò sí nínú iye tí ìjọba ń kéde lójoojúmọ́. Àwọn ilé àyẹ̀wò ń fi CSV ránṣẹ́, àjọ Public Health England sì ń kó o sínú fáìlì .xls àtijọ́. Ẹnì kan ń gba ìlà púpọ̀, nítorí náà fáìlì tètè kún, ìyókù kò sì ráyè wọlé. Àwọn aláìsàn náà gbọ́ èsì tiwọn, àmọ́ àwọn tó yẹ kó wá àwọn èèyàn tí wọ́n ti fara kan kò tètè gbọ́.

Ẹ lè ní ẹgbẹ́ wa kò ní èèyàn 65,000. Òótọ́ ni. Tiwa ni ìlà tó fara pamọ́. Ká ní ẹ fi Filter yọ àwọn tó ti dolóògbé kúrò lójú, ẹ wá tọ́jú ṣíìtì náà sí CSV. Ẹ kò rí wọn lójú Excel, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni yóò wọ inú CSV, owó yóò sì lọ sínú àkáǹtì wọn. Ẹ da àwọn tó hàn nìkan kọ sínú ṣíìtì tuntun, kó jẹ́ pé òun ni ẹ máa yí padà.

PDF tó gé ìwé sí méjì

Wàhálà PDF kò le tó ti CSV. Tí òpó "iye owó" bá lọ dá wà lójú ìwé kejì, ẹ lọ sí Page Layout, ẹ yan Landscape kí ìwé dùbúlẹ̀, kí ẹ sì fi Width sí 1 page. Tí àmì #### bá gba ipò owó, òpó náà kò fẹ̀ tó, ẹ fà á gbòòrò kí ẹ tó yí i padà. Tí ẹ bá fẹ́ kí àkọlé hàn lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, Print Titles ni kí ẹ lò. Tí ṣíìtì kan ṣoṣo bá jáde, ẹ wo Options nígbà tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ yan Entire workbook.

Ẹ̀yin tó ń fi ìwé ẹgbẹ́ sórí WhatsApp, ẹ má fi .xlsx tó ní NIN tàbí BVN àwọn èèyàn nínú síbẹ̀ torí pé ẹ ti fi òpó náà pamọ́. Ẹnikẹ́ni lè tẹ Unhide. Nínú PDF, òpó tó fara pamọ́ kì í jáde. Láti ọdún 2023 ni Nàìjíríà sì ti ní òfin tó dá lórí ìdáàbòbò ìsọfúnni àwọn èèyàn.

Bí fáìlì bá kọ̀ pátápátá

Tí Excel bá ní òun kò lè tọ́jú fáìlì, ẹ yẹ nǹkan mẹ́rin wò. Ṣé PDF tàbí CSV tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ti wà ní ṣíṣí níbòmíràn? Ẹ pa á dé. Ṣé ẹ fi àmì bíi / tàbí : tàbí ? sínú orúkọ fáìlì? "Owó 03/2025" kò lè jẹ́ orúkọ fáìlì. "Owó 2025-03" lè jẹ́ ẹ. Ṣé àyè ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà tàbí fláàṣì yín? Ṣé fódà tí ẹ fẹ́ kó o sí gbà yín láàyè láti kọ nǹkan síbẹ̀? Ẹ gbìyànjú Desktop wò.

Ẹ kà á, ẹ ròó pọ̀, ẹ wò ó

Kí fáìlì kankan tó kúrò lọ́wọ́ mi báyìí, nǹkan mẹ́ta ni mo máa ń ṣe, kì í gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Èkíní, mo máa ń ka ìlà. Bí èèyàn 63 bá wà nínú Excel, 63 ló gbọ́dọ̀ wà nínú CSV, láìka ìlà àkọlé mọ́ ọn.

Èkejì, mo máa ń ro owó pọ̀. Àpapọ̀ tó wà nínú Excel mi gbọ́dọ̀ bá èyí tí ojú òpó báǹkì gbé jáde mu. Lẹ́yìn tí owó bá sì ti lọ, mo máa ń wo iye èèyàn tó rí i gbà. "A ti gba fáìlì" kò túmọ̀ sí pé "owó ti dé."

Ẹ̀kẹta, mo máa ń fi Notepad wo ẹni àkọ́kọ́, ẹni tó gbẹ̀yìn, ẹnì kan tí àkáǹtì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo, àti ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ ní ẹ, ọ tàbí ṣ. Tí àwọn mẹ́rin yìí bá dúró dáadáa, ọkàn mi á balẹ̀.

Excel tí mo ti mú un wá, mi ò kì í fọwọ́ kàn án mọ́. Mo máa ń fi ọjọ́ sí orúkọ rẹ̀, mo sì máa ń tọ́jú rẹ̀ síbi méjì. Bí CSV bá bàjẹ́, mo mọ ibi tí mo lè padà sí.

Àwọn èèyàn 17 yẹn rí owó wọn gbà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórí fóònù láti tọrọ àforíjì. Nígbà tó kan màmá tó pè mí, mo ṣàlàyé pé kò sẹ́ni tó yọ orúkọ òun, pé òdo kan ló jábọ́ nínú nọ́ńbà àkáǹtì wọn.

Wọ́n ní, "Òdo lásán?"

Mo ní, "Òdo lásán, Màmá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, "Èmi tí mo ti rò pé ẹ ti sin mí."

Ẹni tó bá gbé kọ̀ǹpútà wá, kó ṣí i, ká jọ wo ti yín.